Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Yan Ètò Plugin Fún Ẹ́dítọ̀

Iyàn lórí èdè tí wọ́n máa fi kọ plugin (ètò kékeré tí ẹlòmíì lè fi kún ẹ́dítọ̀) ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ ẹ́dítọ̀, ìyẹn ètò tí a fi ń kọ kóòdù, fi ń bẹ̀rẹ̀: ṣé Lua ni, Python ni, àbí JavaScript? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ọwọ́ plugin lè dé ni kí ẹ kọ́kọ́ pinnu.

Ẹ wo Atom, ẹ́dítọ̀ tí GitHub gbé jáde ní 2014. Plugin rẹ̀ lè fọwọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo inú ẹ́dítọ̀ náà. Ó dùn mọ́ àwọn tó ń kọ plugin, àmọ́ bí ọ̀kan bá lọ́ra, gbogbo ẹ́dítọ̀ a lọ́ra. Bí àwọn tó ni Atom bá sì tún inú rẹ̀ ṣe, plugin ẹlòmíì a bàjẹ́. December 2022 ni wọ́n pa á tì (kì í ṣe plugin nìkan ló fà á o). JavaScript náà ni wọ́n fi ń kọ ti VS Code, ẹ́dítọ̀ Microsoft, àmọ́ inú process ọ̀tọ̀ (ètò tó ń dá ṣiṣẹ́, tó yàtọ̀ sí ẹ́dítọ̀ fúnra rẹ̀) ni plugin ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èdè kan náà, ààlà ló yàtọ̀.

Bó bá jẹ́ Lua lẹ mú, ẹ má kàn pe luaL_openlibs, tó ń ṣí gbogbo library Lua, kí ẹ kọjá lọ. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu: plugin ti ní os.execute (tó ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà) àti io.open (tó ń ṣí fáìlì), ó lè pa fáìlì onífáìlì rẹ́. Library base, string àti table ni kí ẹ ṣí fún un, kí ẹ sì yọ dofile àti loadfile, tó ń ka kóòdù láti inú fáìlì, kúrò nínú base. Yàtọ̀ síyẹn, "while true do end", lúùpù tí kì í parí, nìkan ti tó láti mú kí ẹ́dítọ̀ gan pa. Hook, ìyẹn function tí Lua máa ń pè lóòrèkóòrè, tí ẹ fi lua_sethook gbé kalẹ̀ lẹ lè fi máa ka iye iṣẹ́ tó ti ṣe, kí ẹ dá a dúró bó bá pọ̀ jù. Ẹ̀yin tó ń lo LuaJIT, irú Lua tó ń yí kóòdù sí èdè ẹ̀rọ (compile) kó lè yára, ẹ ṣọ́ra: lúùpù tó bá ti compile lè má dá hook yẹn lóhùn mọ́.

Ẹ má ṣe dá èdè tiyín sílẹ̀. Ẹ́dítọ̀ Vim ṣe é, Neovim tó ti ara rẹ̀ jáde sì yà sí Lua.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà èdè náà wà níbẹ̀. Python 3.3 ni Sublime Text 3, ẹ́dítọ̀ mìíràn, so plugin mọ́. Nígbà tí Sublime Text 4 jáde ní 2021, wọ́n fi Python 3.8 kún un, síbẹ̀ wọ́n ṣì ní láti gbé 3.3 lọ́wọ́ nítorí àwọn plugin àtijọ́.

Kí ẹ tó kéde API yín, ìyẹn àwọn àṣẹ tí plugin lè fi bá ẹ́dítọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ fi kọ plugin wíwá ọ̀rọ̀ àti fífi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún ẹ́dítọ̀ yín. Bí ẹ bá ní láti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó tó ṣeé ṣe, API náà kò tíì pé.