Bí mo ṣe ṣe àkàtàǹpó tó ṣeé gbọ́kàn lé láì náwó púpọ̀, nítorí ẹyẹ oko ìrẹsì wa

Sábó Gẹ́rì ní Kano ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé, àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí témi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń yá ilẹ̀ dáko ìrẹsì ní Kura lójú ọ̀nà Zaria, níbi tí omi Tiga Dam ti ń ṣàn wọ oko. Omi kì í ṣe wàhálà wa rárá, ẹyẹ ni. Ẹyẹ kékeré kan wà táwọn Hausa ń pè ní jan baki, ìyẹn ẹlẹ́nu pupa, kò tóbi ju ológoṣẹ́ lọ, ìwọ̀n ẹ̀ ò ju bíi gíráàmù 20 lọ, àmọ́ ẹyọ kan lè jẹ tó gíráàmù 10 ọkà lóòjọ́, kì í sì í dá nìkan rìn. Tí 100,000 bá bà sínú oko, ẹ ṣírò ẹ̀ wò, tọ́ọ̀nù kan gbáko ti lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà tí ìrẹsì bá ń gbé wàrà, téèyàn fi èékánná tẹ̀ ẹ́ tí omi funfun jáde, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń wá. Ìjọba a máa fi ọkọ̀ òfuurufú fín oògùn sí wọn láwọn ìpínlẹ̀ bíi Kebbi àti Jigawa, àmọ́ ta ló máa gbé ọkọ̀ òfuurufú wá tìtorí oko kékeré tèmi?

Ẹnì kan ní ká wá ṣakabùlà. Mo ní rárá. Èèyàn kì í dédé ní ìbọn lórílẹ̀-èdè yìí láìgba láìsẹ́nsì, ọmọ kéékèèké ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lé ẹyẹ lóko, mi ò lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wewu nítorí ìrẹsì. Àkàtàǹpó tó wá pọ̀ lọ́jà náà nkọ́? Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kán lọ́jọ́ kejì, torí wọ́n ti fọ̀bẹ gé ojú ibi tí wọ́n so rọ́bà sí jìn jù. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, rọ́bà ẹ̀ ló já tó na mí lábẹ́ ojú, ibẹ̀ wú fún ọjọ́ mẹ́rin, Ọlọ́run ló kó ẹyinjú mi yọ. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé màá fúnra mi ṣe é.

Igi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Gúáfà ló dáa jù lójú tèmi torí ó le, kì í sì í tètè ya níbi tó ti pín sí méjì, àmọ́ dongoyaro náà ṣe é, ìyẹn sì kún ìgboro Kano. Ẹ wá ẹ̀ka tútù tí apá méjèèjì dọ́gba, tó nípọn tó àtàǹpàkò, ẹ má gé èyí tó ti kú sórí igi. Mo bó èèpo ẹ̀, mo fi pépà ìwé ìròyìn wé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí tẹ́ ẹ bá sá igi tútù sí oòrùn Òkè Ọya yìí, á là ni. Nígbà tó gbẹ, mo fi sánpépà họ ọ́, mo wá fa ìlà tíńtín yípo ibi tí rọ́bà máa jókòó sí, kò jìn ju kí etí èékánná wọ̀ ọ́ lọ. Mo tún gbé e sílẹ̀ mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, tó bá máa kán kó kán nílẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí rọ́bà ni mo ti pẹ́ jù. Tíúùbù ọ̀kadà tí mo gbà lọ́wọ́ fókánáísà ni mo kọ́kọ́ lò, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ butyl, ìyẹn rọ́bà àtọwọ́dá, ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú tíúùbù òde òní, ó máa ń nà ṣùgbọ́n ó máa ń lọ́ra kó tó padà sípò, ọta á kàn jáde bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe wo rọ́bà tá a fi ń so apá èèyàn ká tó gba ẹ̀jẹ̀?" Latex nìyẹn, rọ́bà tó wá láti ara igi gangan, ẹ na án wò lẹ́ẹ̀kan ẹ máa rí bó ṣe ń fò padà. Mo ra mẹ́ta ní kẹ́mísí.

Báyìí ni mo ṣe wọ̀n ọ́n. Mo na apá òsì síwájú, mo fa ọwọ́ ọ̀tún dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n mi fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80. Latex yẹn lè nà tó ìlọ́po márùn-ún àmọ́ mi ò fẹ́ fi ìyà jẹ ẹ́, mo fi 4 pín 80, ó fún mi ní 20, mo fi 4 kún un fún ìso lókè àti nísàlẹ̀, torí náà 24 ni mo gé lára rọ́bà méjì. Ẹ fi bíléèdì tuntun gé e lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì tí ò mú rún un, torí ibi tó bá ti ní eyín díẹ̀ ni yíya ti máa bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì to méjèèjì pọ̀ kẹ́ ẹ wò ó, tí ọ̀kan bá fi díẹ̀ gùn ju èkejì, ọta á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí lọ, ẹ ó rò pé ọwọ́ yín ni ò dáa. Agbára kọ́ ni mò ń wá, ohun tí mò ń wá ni kí èyí tí mo ta láàárọ̀ àti èyí tí mo ta nírọ̀lẹ́ gba ibì kan náà lọ.

Awọ tí ọta ń jókòó sí, mo rí i ní Kofar Wambai lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe bàtà, àjákù awọ ewúrẹ́ ni, sẹ̀ǹtímítà 8 sí 3. Mo bẹ mallam kó fi irin wọn lu ihò róbótó sí i lápá méjèèjì, torí ihò tí mo fọ̀bẹ dá ya láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

₦1,500 ni rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, awọ ₦300, sánpépà ₦200.

Òkúta ò dáa fún ọta. Amọ̀ etí odò omi oko ni mo ń ká róbótó, mo máa ń jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji ọjọ́ méjì kó tó rí oòrùn. Ó ń lọ tààrà, tó bá bọ́ sínú oko omi á yọ́ ọ, dòjé ò ní pàdé ẹ̀ nígbà ìkórè.

Aago mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń dúró ṣọ́ oko. Ara igi tí wọ́n fẹ́ bà lé ni mo ń ta sí, pẹ̀lú ariwo agolo, kí wọ́n má ráyè balẹ̀. Lékeléke, a kì í fọwọ́ kàn án, kòkòrò ló ń jẹ. Mo máa ń wọ gíláàsì, mo sì máa ń yẹ ìdí ìso wò kí n tó fa á lẹ́ẹ̀kíní láàárọ̀, bí mo bá rí ojú kékeré tó ń là, mo pààrọ̀ ẹ̀. Oòrùn ló ń pa latex, nínú agolo mílíìkì tó ní ìdérí ni tèmi ń sùn. Ti oṣù kẹrin tó kọjá, nínú ooru tó ń sún mọ́ dígírì 40 yẹn, lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Alhaji tá a jọ ń pín omi wá kí mi "sannu da aiki" lọ́jọ́ tá à ń kórè, ó gba àkàtàǹpó náà lọ́wọ́ mi, ó yí i wò lọ wò bọ̀, ó ní Bayarabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá, ṣe méjì fáwọn ọmọ mi. Gúáfà wọn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì báyìí, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.