Fọ́ọ̀mù Kan Ló Dá Mi Dúró sí Etí Òkun Bonaire

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka owó tí mo ná kí ẹsẹ̀ mi tó kan omi, nítorí òun ló ṣì ń dùn mí. Ó ti pẹ́ tí a ti san owó yàrá àti owó ìmòòkùn fún ilé ìtura tí a dé sí ní Bonaire, erékùṣù kan nínú òkun Caribbean. Odidi rẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára rìsíìtì pé àwọn kì í dá a padà. Ká tó kúrò ní Houston, a ti san dọ́là 75 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún owó orí tí ìjọba erékùṣù náà ń gbà lọ́wọ́ àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ mòòkùn tún ní dọ́là 40 tó máa san fún ìtọ́jú òkun. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Láti 1979 ni wọ́n ti fi òfin dáàbò bo òkun tó yí erékùṣù náà ká, láti etí omi títí dé ibi tó jìn tó mítà 60, ẹni tó bá sì wọ inú rẹ̀ á rí i pé wọn kò fi owó náà ṣòfò. Owó dókítà ló bí mi nínú, àti àwọn ọjọ́ tí mo fi jókòó sórí àga onígi tí mò ń wo òkun bí ẹni tí wọ́n pè wá síbi ìnáwó tí wọn ò gbé oúnjẹ fún.

Inú adágún kan ní Texas ni èmi àti ìyàwó mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n lọ sábẹ́ omi. Omi ibẹ̀ tutù, ó sì dúdú débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́ n'Ìbàdàn, ohun tó bi mí ni pé, "Kí lo sọ sínú omi tó o fẹ́ lọ mú?" Mi ò dáhùn. Mo tún lọ gba ìwé ẹ̀rí kejì lé e, èyí tó jẹ́ kí n lè lọ jìn dé mítà 30.

Ìdí tí a fi mú Bonaire ni pé èèyàn ò nílò ọkọ̀ ojú omi kó tó mòòkùn níbẹ̀. Netherlands ló ni erékùṣù náà, àmọ́ dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ná láti 2011. Àpáta iyùn, èyí tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun fi ara wọn kọ́, sún mọ́ etí òkun gan-an, wọ́n sì to òkúta tí wọ́n kun ní ọ̀dà yẹ́lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n kọ orúkọ ibi ìmòòkùn kọ̀ọ̀kan sí lára. Ẹ ó háyà ọkọ̀ pick-up, ẹ ó kó sílíńdà sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó wa ọkọ̀ títí ẹ ó fi rí òkúta tó wù yín, ẹ ó páàkì, ẹ ó sì rìn wọ inú omi. Bí a ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì àti bí a ṣe di ẹrù, mi ò ní sọ ọ́, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Sátidé la gúnlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé òfin fún àwọn òmòòkùn tuntun, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mòòkùn níbẹ̀ láìgbọ́ àlàyé náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló pín fọ́ọ̀mù ìlera fún wa. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ìkejì ni pé ṣé mo ti kọjá ọmọ ọdún 45. Mo ti kọjá rẹ̀. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n ṣí ojú ìwé kejì, kí n dáhùn àwọn ìbéèrè inú àpótí B: ṣé mò ń mu sìgá, ṣé ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ṣé ẹnì kan nínú ẹbí mi ti kú ikú ọkàn kó tó pé àádọ́ta ọdún. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń lo amlodipine, ara mi sì balẹ̀. Mo fi àmì sí "bẹ́ẹ̀ ni".

Ojú ọmọkùnrin náà yí padà. Ó ní láìsí ìbuwọ́lùwé dókítà, òun ò lè fún mi ní sílíńdà. Mo fi èyí tí dókítà mi fọwọ́ sí nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ hàn án lórí fóònù. Ó ní ó ti ju ọdún kan lọ.

Mo wá bi í pé láti ìgbà tí ẹ ti gba owó mi, ímeèlì mélòó lẹ ti fi ránṣẹ́? Ẹ fi àwòrán ọtí ránṣẹ́. Ẹ fi ti àwọn tó ń wọ́ra fún èèyàn ránṣẹ́. Ẹ tiẹ̀ béèrè bóyá a fẹ́ ṣe ìgbéyàwó létí òkun, èmi tí ọmọ mi ti wọ yunifásítì! Kí ló dé tí ẹ ò fi fọ́ọ̀mù olójú ìwé mẹ́ta yìí há ọ̀kan nínú wọn? Ó ní gbogbo òmòòkùn ló mọ̀ pé ó wà. Ẹjọ́ dé.

Nígbà tí àwọn tó kù ti ń wọ aṣọ rọ́bà, ẹlòmíì nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rọra gbé fọ́ọ̀mù tuntun lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kọ "rárá" sí gbogbo rẹ̀, pé ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣe nìyẹn. Inú tó bí mi nígbà yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ní àwọn ò lè jẹ́ kí n wọ omi nítorí ìlera mi ni wọ́n tún ń kọ́ mi bí mo ṣe máa purọ́! Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi lábẹ́ omi, irọ́ tí mo fọwọ́ sí ni ilé iṣẹ́ ìbánigbófò máa gbé sí ìyàwó mi níwájú. Mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un.

Ìyàwó mi kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó wò mí, ó wo omi. "Bàbá Tóbi, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n kàn yọjú síbẹ̀." Ó yọjú lóòótọ́. Nígbà tó jáde, ìjàpá òkun ló ń ròyìn, kò sì dákẹ́ títí a fi jẹun alẹ́.

Kò sí dókítà tó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú fún ẹni tí kò ṣàìsàn. Ní Mọ́ńdè, mo lọ sí Kralendijk, olú ìlú wọn. Ní ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni àwọn ń rí. Ní ìkejì, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sàn-án. Bí mo ṣe ń dúró, mo pe Divers Alert Network, ẹgbẹ́ tó wà ní North Carolina láti 1980, tó máa ń gba àwọn òmòòkùn nímọ̀ràn lórí ìlera wọn. Obìnrin tó gbé e sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ti kápá kì í sábà dí èèyàn lọ́wọ́ àtimòòkùn, àmọ́ àwọn ò lè fọwọ́ sí ìwé ẹni tí àwọn ò yẹ̀ wò. Ó kéré tán, ẹnì kan bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn.

Lọ́sàn-án, dókítà de rọ́bà mọ́ mi lápá láti wọn ìfúnpá mi. Nọ́ńbà òkè jẹ́ 158. Ta ni tirẹ̀ ò ní ga? Ẹni tó ti jókòó láti àárọ̀ nínú ooru, tó ń ro owó tó ti san, tí ìyàwó rẹ̀ sì wà lábẹ́ òkun pẹ̀lú ẹja! Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n má mu kọfí, kí n sì yẹra fún iyọ̀. Lórí erékùṣù tó jẹ́ pé òkìtì iyọ̀ tí wọ́n ń kó lọ tà sókè òkun lèèyàn ń rí láti ọ̀nà jíjìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wálẹ̀ dáadáa. Ó béèrè orúkọ oògùn tí mò ń lò, nítorí àwọn kan wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn lè sáré nígbà tí èèyàn bá ń fi agbára lúwẹ̀ẹ́. Ó gbọ́ àyà mi, ó ní kí n gun àtẹ̀gùn sókè sódò. Ó wá ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí. Bí èèyàn bá ti wọ omi, ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ àti apá á ya lọ sí àyà, ọkàn á sì ní láti ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, omi ara lè jò wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí èémí máa há a láìjẹ́ pé ó mu ẹ̀kán omi òkun kan. Ohun tí wọ́n fi ń béèrè nìyẹn. Mo gbà pé ìbéèrè náà tọ́. Ìgbà tí wọ́n yàn láti béèrè ni kò tọ́. Dókítà fọwọ́ sí i, ó sì gba owó tó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là.

Mo gbé ìwé náà padà, mo ní kí wọ́n yọ owó àwọn ọjọ́ tí mi ò lò. Wọ́n ní kò sí irú ìyẹn. Wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀dínwó fún wíwọ́ra.

Àmọ́ nígbà tí mo wọ omi náà! Ó mọ́ débi pé mò ń rí ojú ẹja kí n tó rí ìrù rẹ̀. Òfin wọn le: ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iyùn. Láti 2023 ni àìsàn kan ti ń pa àwọn iyùn náà, àwọn kan ti funfun báláú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí a máa fi oògùn apakòkòrò fọ ohun èlò wa. Mo lọ síbi tí wọ́n ń pè ní 1000 Steps, ìyẹn Ẹgbẹ̀rún Àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ gbé sílíńdà pọ̀n kí ẹ gun òkè padà, ẹ ó mọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Hilma Hooker ni mo tìtorí rẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí kejì. Ọkọ̀ ẹrù tó gùn tó mítà 72 ni. Ní 1984 ó níṣòro lójú òkun, wọ́n wọ́ ọ wá sí Bonaire, nígbà tí àwọn agbófinró sì yẹ inú rẹ̀ wò, igbó tí wọ́n ń fà bíi sìgá ni wọ́n bá rẹpẹtẹ lẹ́yìn ògiri ayédèrú. Ẹni tó ni ọkọ̀ kò yọjú. Omi ń wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ báyìí ní nǹkan bíi mítà 30. Mo lúwẹ̀ẹ́ yí i ká láti iwájú dé ìdí, ọkàn mi balẹ̀, mò ń mí jẹ́jẹ́. Nígbà tí a jáde, afẹ́fẹ́ tó kù nínú sílíńdà mi pọ̀ ju ti ọmọ Canada kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo rí i dájú pé ọmọkùnrin onífọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ nígbà tí mo kà á jáde.

Ní gúúsù, tí a bá kọjá àwọn òkìtì iyọ̀, àwọn ahéré òkúta kéékèèké wà létí òkun. Ní 1850 ni wọ́n kọ́ wọn fún àwọn ẹrú tó ń ṣiṣẹ́ iyọ̀. Ẹnu ọ̀nà wọn kò ga ju ìbàdí lọ, ṣe lèèyàn máa rá wọlé. Àwọn kan páàkì síbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń sá aṣọ rọ́bà sára rẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi dúró díẹ̀, a ò sọ̀rọ̀, a sì wa ọkọ̀ wa lọ síbòmíì.

Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ, tí ẹ ti kọjá ọdún 45 tàbí tí ẹ ń lo oògùn kankan: kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù ìlera lórí ímeèlì, kí dókítà tó mọ̀ yín fọwọ́ sí i nílé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ tún fi ọ̀kan sórí fóònù. Ẹ má san owó ìmòòkùn gbogbo ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé ìmòòkùn pọ̀ níbẹ̀ tó ń ta sílíńdà lọ́jọ́ọjọ́. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ má gúnlẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní ti ọkọ̀, ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹ bá ń wọ omi, ẹ sì ṣí wíńdò sílẹ̀ kí olè má baà fọ́ ọ. Àwọn tó háyà rẹ̀ fún wa ló sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Kò yẹ kí ẹni tó mòòkùn lọ́pọ̀ ìgbà wọ ọkọ̀ òfurufú kí wákàtí 18 tó pé, nítorí náà ọjọ́ tó gbẹ̀yìn kì í ṣe ọjọ́ omi, bí wọ́n tilẹ̀ kà á mọ́ ohun tí ẹ sanwó fún. Ẹ lò ó fún ọgbà Washington Slagbaai ní àríwá. Dọ́là 40 tí ẹ san fún òkun ló máa gbà yín wọlé, ẹ ò ní san òmíràn. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, torí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọlé mọ́ tí ọ̀sán bá ti pọ́n, kí ẹ sì bu omi mímu tó pọ̀ sínú ọkọ̀.