“Ariwo yẹn ti mọ́ mi lára” àti àwọn àṣìṣe mìíràn tó ń ba etí jẹ́

Ẹ bi ẹlẹ́rọ ata bóyá ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ ń dà á láàmú. Ohun tí yóò sọ ni pé, “Ó ti mọ́ mi lára.” Nínú gbogbo àṣìṣe tí à ń ṣe nípa ariwo, èyí ló burú jù, torí ẹni tó ń sọ ọ́ rò pé etí òun ti le sí i ni. Etí kì í le. Kò kàn gbọ́ ariwo náà tó bó ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ mọ́ ni.

Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-tín wà níbẹ̀, bíi 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń gbé ìró lọ fún ọpọlọ. Ariwo ńlá a máa lù wọ́n títí wọn yóò fi kú, èyí tó bá sì ti kú kì í hù padà lára ènìyàn. Àwọn tó ń gba ìró tó ga, tó tín-ín-rín, ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí bàbá tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlapákó fi lè búra pé etí òun ṣì mú dáadáa: ó ń gbọ́ ohùn òkè (mí) àti ohùn ìsàlẹ̀ (dò) inú ọ̀rọ̀, àmọ́ f, s àti ṣ, tí ìró wọn tín-ín-rín, ti ń bọ́ mọ́ ọn létí. Ọmọ ní òun “fẹ́”, bàbá gbọ́ “ṣẹ́”, ó wá ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í la ẹnu sọ̀rọ̀.

Bí etí bá ń hó lẹ́yìn òde ìnáwó, ẹ má ṣe sọ pé oorun ni yóò wò ó. Ó lè lọ lóòótọ́, àmọ́ bó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, híhó náà lè wá jókòó pa. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́, ní kí òṣìṣẹ́ má wà nínú ariwo dẹ̀sìbẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 85 ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bó bá fi 3 péré lé sí i, ìdajì àkókò yẹn ló kù. Tó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 ti tó. Síbẹ̀, iwájú sípíkà gan-an la máa ń to àga àwọn àgbà sí! Ẹ sún sẹ́yìn. Ọmọ ọwọ́ ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ gbé kúrò níbẹ̀, kò lè fẹnu sọ ohun tó ń ṣe é.

Òwú tí àwọn kan ń ki bọ etí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dí nǹkan kan. Ohun ìdí-etí onífóòmù tí wọ́n ṣe fún ariwo ló dáa. Ẹ yí i tín-ín-rín, ẹ fa etí sókè, ẹ tì í wọlé, kẹ́ ẹ sì dì í mú títí yóò fi wú. Ẹ má sì yí íápíìsì sókè kó lè borí ariwo dánfó tàbí jẹnẹrétọ̀.

Àdín àti òróró tí à ń kán sí etí kò lè jí sẹ́ẹ̀lì tó ti kú. Ẹni tí etí rẹ̀ bá di lójijì lẹ́yìn báńgà tàbí ìbọn, kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà, kó má dúró wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àrábà l'Ékòó ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí.