Mod nínú géèmù bàálù ogun: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀, tó sì ń dá ìjà sílẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwa mẹ́rin la jọ fẹ́ fò nínú DCS World, géèmù bàálù ogun orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló ṣètò ojú ogun náà. Ó fi A-4E síbẹ̀, ìyẹn bàálù Amẹ́ríkà tí àwọn olùfẹ́ géèmù yìí fọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n sì ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Irú àfikún tàbí àyípadà bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù ló ṣe é, là ń pè ní mod. Tèmi ti wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Àwọn méjì yòókù kò ní in, wọn ò sì lè wọlé. Ó ju wákàtí kan lọ tí a fi ń pe ara wa lórí fóònù. Ẹnì kan ní íntánẹ́ẹ̀tì òun ló ń ṣe wàhálà. Ẹnì kejì ti pa géèmù rẹ̀ rẹ́, ó fẹ́ wà á jáde látòkèdélẹ̀, ẹ sì mọ iye dátà tí ìyẹn ń jẹ. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun kan tó bàjẹ́. A ò sọ fún ara wa ni.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn lórí mod, ibẹ̀ náà ni mo ń rí i pé ó ń já sí. Mod kì í sábà jẹ́ ọ̀tá. Ohun tí a fi pamọ́ fún ẹni tí a jọ ń fò ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ má pe gbogbo ẹni tó ń lo mod ní oníjìbìtì

Ẹni tó bá ti ń fò láti ayé IL-2 Sturmovik yóò rántí ọdún 2007. Láti Rọ́ṣíà ni géèmù náà ti jáde ní 2001, Oleg Maddox ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Wọ́n ń fi bàálù kún un, wọ́n ń fi ojú ogun kún un, títí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú IL-2 1946. Wọ́n ti àwọn fáìlì rẹ̀ pa sínú àpótí tí wọ́n ń pè ní SFS, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kan bí bàálù ṣe ń fò. Nítorí náà, bí o bá pàdé ẹnì kan lókè, ó dá ọ lójú pé irú bàálù tó wà lọ́wọ́ rẹ ló wà lọ́wọ́ òun náà.

Ní 2007, àwọn kan ṣí àpótí náà. Ohùn ẹ́ńjìnnì àti ohùn ìbọn tó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ tàn ká. Kò pẹ́ rárá, àwọn bàálù tí kọ̀ǹpútà nìkan ń wà di èyí tí èèyàn lè jókòó sí. Bí ilé ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn kan ní géèmù ti bàjẹ́, pé kò sí ìfọkàntán mọ́. Àwọn kejì ní àwọn ti fi ọdún gbọọrọ bẹ̀bẹ̀ fún àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó dá àwọn lóhùn.

Mi ò lè sọ pé àwọn tí ẹ̀rù bà kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọ̀nà tí ohùn tuntun gbà wọlé náà ni ẹni tó fẹ́ kí ìbọn òun máa pa ju ti ẹlòmíràn lọ lè gbà. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ wo ohun tí àwọn olùfẹ́ géèmù ti ṣe láti ìgbà náà. Team Daidalos, tí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni IL-2, mú àtúnṣe tuntun jáde fún 1946 lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ dojú kọ iṣẹ́ mìíràn. IL-2 Cliffs of Dover jáde ní 2011 pẹ̀lú àbùkù lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì pa á tì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Team Fusion ló gbé e dìde pẹ̀lú mod, títí tí àwọn tó ni géèmù náà fi fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn nínú ẹ̀dà Blitz ní 2017. Falcon 4.0, géèmù bàálù ogun mìíràn tó jáde ní 1998, ì bá ti di ìtàn bí kì í bá ṣe ti àwọn tó mú kóòdù rẹ̀ tó jò síta ní 2000, tí wọ́n ń tún un ṣe títí ó fi di Falcon BMS. BMS yìí kò sì ní ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò ní Falcon 4.0 tòótọ́, nítorí pé àwọn tó ń ṣe é ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹni tó bá kó irú àwọn èèyàn báyìí mọ́ oníjìbìtì ti ṣẹ̀ wọ́n.

Ẹ má fojú kan náà wo ọ̀dà àti ẹ́ńjìnnì

Mo fi àwọ̀ ewé, funfun, ewé kun L-39ZA kan nínú DCS, nítorí pé irú bàálù náà ni Ilé-iṣẹ́ Ọmọ-ogun Òfuurufú Nàìjíríà ń lò. Inú fódà Liveries lábẹ́ Saved Games ló wà. Ẹni tí kò bá ní fáìlì náà, àwọ̀ mìíràn ni yóò rí lára bàálù mi. Kò fi kún eré mi, kò sì dín in kù. Ọ̀dà lásán ni.

Ohùn náà fẹ́ẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá sọ ohùn bàálù tó ń bọ̀ lẹ́yìn di ariwo ńlá ti ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Àmọ́ mod tó bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ìwúwo, ọta ìbọn, tàbí ohun tí awakọ̀ lè rí níta, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Bí ẹ bá ń bá ara yín jiyàn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé èwo là ń sọ.

Ẹ má rò pé ohun tó bá ìtàn mu ti tọ́ láti lò níbi gbogbo

Ibí yìí ni mo ti rí ìjà tó le jù, tó sì mú ọpọlọ dání jù. Nínú IL-2 àtijọ́, bí ẹ bá jókòó sínú Fw 190 ti Jámánì, irin kan tó nípọn wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Ó máa ń bo ibi tí ẹ fẹ́ fi ojú ìbọn wò. Àwọn tó fẹ́ràn bàálù náà fi ọ̀pọ̀ ọdún jà lórí irin yìí.

Ẹ ki ṣíbí bọ omi nínú ife gíláàsì. Yóò dà bí ẹni pé ṣíbí náà ṣẹ́ níbi tí omi ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀. Gíláàsì iwájú Fw 190 nípọn kí ọta má bàa gbà á kọjá, ó sì dagun sẹ́yìn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ nínú rẹ̀, irin ìsàlẹ̀ náà sì máa ń tín-ín-rín lójú awakọ̀ ju bó ṣe rí gan-an lọ. Géèmù ìgbà náà kò lè ṣe irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọn irin náà ni wọ́n ṣe yà á.

Nígbà tí mod dé, wọ́n gé irin náà kù. Bó bá jẹ́ ti ìtàn, ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Síbẹ̀, bí server (kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ń wọlé sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè jọ fò) bá wà níbi tí gbogbo èèyàn ṣì ń fi irin náà fò, tí ẹnì kan ṣoṣo sì gé tirẹ̀, ó ń rí ọ̀tá tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí. Òótọ́ ìtàn kò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀bi yẹn. Kó kọ́kọ́ sọ fún wọn, kí gbogbo wọn jọ gé e.

Àṣìṣe tó fara pẹ́ ẹ ni gbígba mod gbọ́ nítorí pé ẹni tó ṣe é gbé ìwé àyẹ̀wò ayé ogun kan dání. Ẹ béèrè ọjọ́ orí ìwé náà. Ẹ́ńjìnnì DB 605A tó wà nínú Bf 109 G, bàálù Jámánì mìíràn, fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n kà á léèwọ̀ pé kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ má ju 1.3 ata lọ (ata ni wọ́n fi ń wọn agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì), torí pé ó ń bàjẹ́. Apá ìparí 1943 ni wọ́n tó yọ̀ǹda 1.42. Ẹni tó bá fi 1.42 sínú bàálù tó ń jà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1943, ìwé tòótọ́ ló kà, àmọ́ bàálù tí kò sí nígbà náà ló ṣe.

Ẹ má gba àtúnṣe tuntun nígbà tí mod ṣì wà ní títàn

Èyí ṣẹlẹ̀ sí mi, odindi ọjọ́ Sátidé kan ló sì gbà lọ́wọ́ mi. Bí OvGME àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tan mod tí a sì fi ń pa á, ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé, bí ẹ bá tan mod, wọ́n á kó fáìlì àtilẹ̀wá pamọ́, wọ́n á fi ti mod rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá pa mod, wọ́n á dá ti àtilẹ̀wá padà. Mo gba àtúnṣe DCS láì pa mod kankan. Fáìlì tuntun jókòó sórí ti mod. Nígbà tí mo wá pa mod lọ́jọ́ kejì, OvGME mú fáìlì àtijọ́ tó kó pamọ́, ó dá a padà sórí tuntun. Géèmù mi wá di àdàlú, fáìlì oṣù yìí pẹ̀lú ti oṣù tó kọjá. Àwọn aago iwájú awakọ̀ dúdú kirimú, server tí mo ti ń fò láti ọdún bíi mélòó kan sì lé mi jáde. Mo ti fẹ́ bínú sí ẹni tó ni server kí n tó mọ̀ pé àyẹ̀wò fáìlì ló rí tèmi tó yàtọ̀, bó sì ṣe yẹ kó ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ pa gbogbo mod. Ẹ gba àtúnṣe. Ẹ tan géèmù lẹ́ẹ̀kan láì sí mod kankan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó máa tan wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mod tó bá lè gbé inú Saved Games, ẹ má gbé e sínú fódà géèmù gan-an. Ní ti IL-2 1946, ẹ da fódà rẹ̀ kọ sí méjì, kí ọ̀kan wà láìfọwọ́kàn fún server tí kò gba mod.

Ẹ má gbé iṣẹ́ oníṣẹ́

Ẹ má yọ bàálù inú géèmù mìíràn kí ẹ wá pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ má sì pín mod ẹlòmíràn láì dárúkọ rẹ̀. Bí mod bá ní kí ẹ pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, tí ẹ ò sì mọ ẹni tó ṣe é, ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti àwa mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n ti yí bó ṣe ń pè wá padà. Kó tó di alẹ́ tí a ó fò, ó máa ń kọ orúkọ mod kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ sórí WhatsApp wa, á sì fi ojú ogun kejì tí kò nílò mod kankan ránṣẹ́, fún ẹni tí dátà rẹ̀ kò bá tó.