Bí Mo Ṣe Tún Ìkọ́ Ọ̀pá Họ́kì Ọmọ Mi Ṣe Nínú Ọyẹ́ Jos

85,000 náírà ni mo fi ra ọ̀pá họ́kì tí ọmọ mi, Tèmítọ́pẹ́, ń lò ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta tí etí ìkọ́ rẹ̀, ìyẹn ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó tẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, fi bó. Bíbó náà dùn mí, àmọ́ èyí tó dùn mí jù lọ ni 12,000 náírà tí mo san fún ẹnì kan tó fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bọ́dífílà tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò ló fi dí i, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó sì dá a padà fún mi. Bọ́ọ̀lù kẹta tí ọmọ náà gbá ni gbogbo rẹ̀ tú dànù lórí pápá bí èèpo ẹ̀pà. Nígbà tí mo padà lọ bá ọkùnrin náà, ó ní ọmọ mi ló ń fi agbára gbá bọ́ọ̀lù jù. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó tún un ṣe.

Kí n tó sọ bí mo ṣe ṣe é, ó yẹ kí n sọ ohun tí ọ̀pá náà jẹ́, nítorí pé àìmọ̀ yẹn gan-an ló gba owó lọ́wọ́ mi. Igi ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá họ́kì láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí a ń rà nísinsìnyí, tí ọ̀pọ̀ wọn ń wá láti ìlú Sialkot ní Pákísítánì, jẹ́ òwú kábọ́ọ̀nù àti òwú gíláàsì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle dì pọ̀. Orí pápá oníkápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń bu omi sí ni wọ́n ṣe irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ fún. Ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́ ni pápá tí àwọn ọmọ wa ń lò níhìn-ín, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì wọ́ ọ̀pá nílẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù, òkúta ń họ etí rẹ̀. Ibi tó bó lára ti Tèmítọ́pẹ́ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3, ó jìn tó mìlímítà 4, òwú sì ti yọ síta bí etí aṣọ tí a kò ṣẹ́. Bọ́ọ̀lù họ́kì wúwo tó gíráàmù 160, ó sì le bí òkúta. Bọ́dífílà kò lè gba irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, nítorí ìyẹ̀fun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sí òwú kankan tó so ó pọ̀. Ohun tí òwú ti já lára rẹ̀, òwú náà ni a gbọ́dọ̀ fi dí i.

Mo họ ìyókù bọ́dífílà náà kúrò, mo gé òwú tó ti kú, mo fi sáńpépà onínọ́ńbà 80, tí ojú rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ha ibẹ̀ títí dé sẹ̀ǹtímítà kan yípo ojú ọgbẹ́ náà, mo sì fi sípíríìtì nù ún. Ìyẹn kò ju wákàtí kan lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti ha ilẹ̀kùn rí mọ̀ ọ́n ṣe.

Gọ́ọ̀mù ni ó dá mi dúró, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni ó sì fi dá mi dúró. Mo lọ sí Kátákò, níbi tí wọ́n ti ń ta pákó àti ohun èlò ilé kíkọ́, mo sì bá bàbá kan tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn pé mo rí ẹni tí mo lè fi Yorùbá bá sọ̀rọ̀. Mo ní gọ́ọ̀mù epoxy ni mo fẹ́, èyí tó máa ń wà nínú agolo méjì, tí ọ̀kan jẹ́ gọ́ọ̀mù, tí èkejì sì jẹ́ hádínà tí ń mú un gan. Ó gbé e fún mi ní 6,500 náírà, ó wá gbà mí nímọ̀ràn pé, "Ìyá mi, díẹ̀ ni kí ẹ kán nínú hádínà yìí o. Tí ó bá pọ̀ jù, yóò gbóná, yóò sì ya." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo lọ sílé, mo ṣe bí wọ́n ṣe wí. Mo bu gọ́ọ̀mù tó kún ìdérí ìgò, mo kán hádínà mẹ́wàá sí i, mo pò ó, mo sì fi dí ojú ihò náà dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rọ̀ bí oyin. Mo ní ọyẹ́ ni, kí n fún un ní àkókò. Ní ọjọ́ kejì sí i, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, eruku ọyẹ́ sì ti bò ó mọ́lẹ̀ tó fi dà bí àkàrà tó bọ́ sínú yanrìn. Bàbá Tèmítọ́pẹ́ ní kí n gbé e sóòrùn, mo gbé e sóòrùn, ó tún rọ̀ sí i ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ọmọ náà ń bi mí pé, "Màmá, ṣé ó ti gan?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì fún ìdíje, òun sì ń yá ọ̀pá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó dùn mí gan-an.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni mo gbé agolo náà sójú, mo sì ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ̀n kan náà ni kí a bù nínú agolo méjèèjì. Ìgbà náà ni mo wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Oríṣi gọ́ọ̀mù méjì ni àwọn tó ń fi fáíbà, ìyẹn òwú gíláàsì, ṣiṣẹ́ máa ń lò. Èyí tí àwọn tó ń tún ọkọ̀ àti táǹkì omi ṣe mọ̀ jù lọ ni polyester, tí ìkán hádínà díẹ̀ ti tó láti ta á jí kí ó lè gan fúnra rẹ̀. Epoxy kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Hádínà tirẹ̀ jẹ́ apá kan ara gọ́ọ̀mù náà: wóró kọ̀ọ̀kan nínú gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ rí ẹnìkejì rẹ̀ nínú hádínà kí wọ́n tó so pọ̀, èyí tí kò bá sì rí ẹnìkejì yóò wà ní rírọ̀ títí láé. Bí mo bá gbé e sóòrùn fún ọdún kan, kò ní gan. Ìmọ̀ràn bàbá náà tọ̀nà fún polyester, gọ́ọ̀mù mìíràn ni wọ́n tà fún mi.

Mo padà lọ bá wọn. Wọn kò bá mi jiyàn, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe náà ni mo sọ fún yín." Mo gba ẹ̀bẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìbínú mi kò tán, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi fi ọ̀bẹ àti sípíríìtì họ gọ́ọ̀mù tí kò gan kúrò láàárín òwú. Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí kò lè mọ bí ó ṣe ń súni. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù sísàlẹ̀, tuntun kò ní dì mọ́ ọn.

Fún ìgbà kejì, mo ra sírínjì méjì ní ilé oògùn, mo fa mìlílítà 5 nínú gọ́ọ̀mù, mo sì fa mìlílítà 5 nínú hádínà. Mo pò wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo ń fi igi ha ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ike náà kí ohunkóhun má ṣe fi ara pamọ́. Mo gé aṣọ fáíbà, tí mo rà ní 1,000 náírà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún táǹkì ṣe, sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀. Mo rẹ wọ́n sínú gọ́ọ̀mù, mo tẹ́ wọn lé ara wọn, mo sì fi ọ̀rá wé e kí ojú rẹ̀ lè dán kí eruku má sì rí ọ̀nà wọlé.

Síbẹ̀, ọyẹ́ kò fi mí sílẹ̀. Jos ga tó mítà 1,200 sí ojú òkun, òru oṣù kejìlá níhìn-ín a máa wálẹ̀ sí ìwọ̀n 12 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì, nígbà tó jẹ́ pé bí òtútù bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, gọ́ọ̀mù yìí yóò lò tó ìlọ́po méjì àkókò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti le, àmọ́ èékánná mi ṣì ń wọ̀ ọ́. Mo gbé páálí kan, mo lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ki ìkọ́ ọ̀pá náà wọlé kí apá gígùn wà níta, mo sì to ìgò omi gbígbóná mẹ́rin yí i ká. Omi náà kò hó o, gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà ni. Iná mànàmáná kò sí, orí sítóòfù ni mo ti ń gbé omi kaná, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di agogo mẹ́wàá alẹ́. Ní òwúrọ̀, mo fi ṣíbí lù ú, ó dún koko! Mo pe gbogbo ilé wá gbọ́ ọ.

Mo fi sáńpépà 240 àti 400 dán an, mo fi ìbomú bo imú nítorí ìyẹ̀fun fáíbà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń yún ara. Òfin eré náà kò gba ibi tó ní ìwo tàbí tó rí ṣákaṣàka lára ọ̀pá. Ó tún sọ pé ọ̀pá gbọ́dọ̀ lè gba inú òrùka tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 51 kọjá, kò sì gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 737 lọ. Mo gé ihò tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ sára páálí, ọ̀pá náà kọjá. Orí òṣùwọ̀n, gíráàmù 552 ni.

Gbogbo owó tí mo ná sí i, pẹ̀lú sáńpépà 900 náírà àti sírínjì 400 náírà, jẹ́ 8,800 náírà. Bí mo bá tún ṣe é, n ó kọ́kọ́ po díẹ̀ sórí ìdérí agolo, n ó sì dúró kí ó gan kí n tó fi kan ọ̀pá. N kò ní fi ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ nínú ọyẹ́, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni n ó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì máa gbé tiyín fún oníṣẹ́, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi dí i kí ẹ tó sanwó.

Tèmítọ́pẹ́ ti fi ọ̀pá náà gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ méje. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fi èékánná tọ etí àtúnṣe náà yíká, mo sì rí ibì kan tó fẹ́ ṣí níbi tí aṣọ fáíbà parí sí. Sírínjì méjèèjì ṣì wà nínú àpótí mi. Mo po ẹ̀kún ṣíbí kan, mo fi dí i, mo sì wé téèpù lé e lórí.