Máṣíìnì àkọ́kọ́ fún motocross: àwọn ibi tí ẹ ti ń da owó nù

Nílùú ọba níbí, tí òtútù bá ti ń lọ báyìí, fóònù mi kì í sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra máṣíìnì motocross o, níbo lẹ ti ń sá eré alùpùpù orí ilẹ̀ yìí?" Ṣé ẹ rí i, ó ti rà á tán kó tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Kí oòrùn tó mú dáadáa, máṣíìnì yẹn á ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà, kò ní rí owó tó fi rà á gbà padà, á wá máa sọ káàkiri pé eré olówó ni motocross, kì í ṣe tiwa. Ó ń dùn mí. Mo fẹ́ràn eré yìí gan-an, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè máa wò yín kí ẹ máa kówó fún àwọn tó ń ta àlòkù lọ́dọọdún. Ẹni tó ti mọ gíà àti kílọ́ọ̀ṣì ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o, ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, kó lọ kọ́ ìyẹn ná.

1. Ríra máṣíìnì kí o tó mọ irú eré tí o fẹ́ sá

Motocross àti enduro kì í ṣe nǹkan kan náà. Motocross, orí ilẹ̀ tí wọ́n ti là sílẹ̀ ni, òkè, kọ́nà, ibi tí máṣíìnì ti ń fò, gbogbo yín á jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ á máa yí i po, kò sì ní pẹ́ tó fi máa parí. Enduro, inú igbó ni, láàárín igi àti gbòǹgbò, ó lè tó wákàtí méjì mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí máṣíìnì enduro fi ní iná níwájú, tí táńkì rẹ̀ tóbi díẹ̀, tí gíà rẹ̀ jìnnà síra, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ 18 inch. Ti motocross jẹ́ 19, kò ní iná, kò sì ṣeé gbé sójú títì rárá. O lè fi ti enduro kọ́ motocross, ó kàn máa rọ̀ jù lábẹ́ ẹ tí o bá fò ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ti motocross wọ igbó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnì á máa kú mọ́ ọn lábẹ́ ní gbogbo ìdí igi. Lọ wo méjèèjì kí o tó ná kọ́bọ̀.

2. 450

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Mi ò mọ ẹni tó ń sọ fún àwọn ọkùnrin wa pé 450 ni ti àgbà, pé ti ọmọdé ni 125 (iye cc ni, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi sí). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bajaj Boxer 100 tí a mọ̀ nílé, bíi 8 horsepower ni agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó sì ń gbé èèyàn méjì pẹ̀lú àpò gààrí gun òkè. Kawasaki KX450 tàbí Honda CRF450R tàbí KTM 450 SX-F, ó lé ní 50, bẹ́ẹ̀ máṣíìnì fúnra rẹ̀ kò wúwo ju bíi 110 kílò lọ. 50 yẹn, lórí ẹrẹ̀ tó ń yọ̀, lábẹ́ ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dìde dúró lórí ẹ. Ẹ rò ó wò ná.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí, mo ti rí i débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Kó tó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù á ti bà á, á wá di ọwọ́ máṣíìnì mú gbagidi, apá á le koránkorán, ìka ò ní lè tẹ bíréèkì mọ́, arm pump là ń pe ìyẹn, ibi tí apá bá sì ti le tán ni wọ́n ti máa ń ṣubú. Àbúrò kan wá bẹ́ẹ̀ láti Dagenham, ọmọ dáadáa, ó lágbára, ó ń lọ jíìmù, ó gbé CRF450R tuntun wá sí pápá ìdánrawò kan ní Kent, gbogbo owó tó tù jọ ló wà lórí ẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ gun YZ125 mi ná, Yamaha 125 ni, ó ní rárá, pé ó ti kéré jù. Níbi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń fò, ẹ̀rù bà á, ó já ọwọ́ iná (throttle, èyí tí wọ́n ń yí kó lè sáré) sílẹ̀ bí iwájú ṣe kúrò nílẹ̀, iwájú dorí kodò, egungun èjìká ẹ̀ kán, ọwọ́ máṣíìnì wọ́, rádíétọ̀ jó. Ó tà á láì gùn ún mọ́, a ò sì rí i mọ́. Ọmọ yẹn ì bá ti máa sáré pẹ̀lú wa títí di òní.

Ẹ wo James Stewart, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Florida, ọ̀kan lára àwọn tó yára jù lọ tí eré yìí tíì rí. Ní 2002, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16, orí Kawasaki KX125 ló ti gba ife-ẹ̀yẹ 125 ti Amẹ́ríkà, ó sì tún gbà á lórí KX125 ní 2004. Nígbà tó wá di orí 450, ní 2008, eré 24 ni wọ́n sá lọ́dún yẹn, òun ló gba ipò kìíní nínú gbogbo ẹ̀, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Stewart tó jẹ́ Stewart, 125 ló kọ́kọ́ gùn kó tó dé orí 450. Nǹkan tí 125 ń kọ́ èèyàn ni pé tí o bá fi eré ṣòfò nínú kọ́nà, kò ní agbára tó máa fi bò ọ́ láṣìírí, o máa jìyà ẹ̀ títí dé kọ́nà kejì, èyí tó túmọ̀ sí pé o gbọ́dọ̀ kọ́ kọ́nà yẹn. 450 máa ń fi agbára bo àṣìṣe ẹ mọ́lẹ̀ títí ọjọ́ tó máa gbé ẹ lulẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ máa rọra gùn ún. Máṣíìnì motocross kò ní fánù, eré tó ń sá ló ń tu rádíétọ̀ lára, tí o bá ń wọ́ ọ káàkiri, ńṣe ló máa hó.

Nítorí náà, tí o kò bá ju 85 kílò lọ, wá YZ125 àlòkù. Two-stroke ni, ìyẹn ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, o lè pààrọ̀ pístìnì ẹ̀ fúnra ẹ nínú gáréèjì láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Tí o bá sígbọnlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, YZ250F. Tó bá jẹ́ enduro, Yamaha WR250F tàbí Honda CRF250X. Ó parí.

3. Ẹ̀yin òbí

Aṣọ ilé-ìwé lẹ lè rà tóbi kó lè pẹ́ lọ́rùn ọmọ, ẹ má ra máṣíìnì bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀ á máa bẹ̀rù, tí ẹ̀rù bá sì ti wọ ọmọ lára, ó di ọdún mélòó kan kó tó kúrò. Yamaha PW50 fún àwọn kékeré, ó ní síkúrù tí ẹ lè fi dín eré ẹ̀ kù, lẹ́yìn náà 65cc, lẹ́yìn náà 85cc.

4. "Mo ti gun ọ̀kadà rí nílé." Àpọ́nlé ni, ṣùgbọ́n ìjókòó ni wọ́n fi ń gun ọ̀kadà, ìdúró la fi ń gun tibí.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni 250 four-stroke (èyí tí ọ́ìlì ẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí epo) olówó pọ́ọ́kú. Tí o bá dé ilé ẹni tó ń tà á tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, padà sílé. Fáàfù inú ẹ́ńjìnì wọ̀nyí, titanium ni púpọ̀ nínú wọn, tí eruku bá ti ń gba inú fíltà kọjá, á máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀, àmì àkọ́kọ́ tí o máa rí ni pé kò ní fẹ́ jí nígbà tó bá tutù. Ẹni tó ń tà á mọ̀, ìdí tó fi kọ́kọ́ jí i kí o tó dé nìyẹn. Arákùnrin kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ra irú ẹ̀ ní Essex, ó pè mí pé ó rí i he. Nígbà tí a tú orí ẹ́ńjìnì ẹ̀, fáàfù ti jẹ tán, owó àtúnṣe sún mọ́ owó tó fi rà á. Wákàtí ni kí o béèrè, wákàtí mélòó ló ti ṣiṣẹ́, ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ pístìnì, ibo ni rìsíìtì wà. Máṣíìnì motocross kì í ní V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀) bíi ti ojú títì, rìsíìtì àti nọ́ńbà ara férémù nìkan lo ní. Tí wọ́n bá ti fi fáìlì ha nọ́ńbà yẹn, olè ló gbé e débẹ̀, máa bá tìẹ lọ.

Má da epo lásán sínú two-stroke. Yamaha ní 30:1 fún YZ125, ìyẹn bíi 33 ml ọ́ìlì sí lítà epo kan.

Búùtù gidi àti hẹ́límẹ́ẹ̀tì tuntun ṣáájú gbogbo nǹkan, ẹ má bá mi jiyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ́sọ́ọ̀sì olówó ńlá lọ́sẹ̀ kejì, kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe? Sípíríǹgì tí wọ́n fi sí máṣíìnì láti ilé iṣẹ́, ẹni bíi 75 kílò ni wọ́n rò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tí o bá gùn ún pẹ̀lú gbogbo aṣọ eré lára, ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ bíi 100 mm, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí o ti yí i le, pààrọ̀ sípíríǹgì. Owó ẹ̀ kéré gan-an sí ti ẹ́sọ́ọ̀sì yẹn, ìyàtọ̀ ẹ̀ sì máa hàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ má gbé e lọ sí pápá gbangba ládùúgbò. Camberley ní Surrey ni wọ́n ti sá eré tí gbogbo ayé mọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ motocross ní 1924, ilẹ̀ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lẹ wà, pápá ìdánrawò ò wọ́n, wọ́n sì ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọlọ́pàá lè fi Section 59 òfin Police Reform Act 2002 gba máṣíìnì ẹ tí o bá ń fi dààmú àwọn aráàdúgbò, wọ́n sì ń gbà á. Fún ìdíje fúnra ẹ̀, ACU tàbí AMCA, àwọn ẹgbẹ́ tó ń darí ìdíje níbí, ẹ tọ́jú ìwé yín kó tó di òwúrọ̀ ọjọ́ eré.

Fíltà afẹ́fẹ́ ńkọ́? Fọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí o bá gùn ún, jẹ́ kó gbẹ, fi ọ́ìlì tirẹ̀ pa á yíká, kí o tó dá a padà. Ra mẹ́ta lọ́jọ́ tí o bá ra máṣíìnì, kí o má baà sọ fún mi pé èyí tó wà nílẹ̀ ò tíì gbẹ.