Tí ọ̀gá ìjọba bá kọ̀ láti tẹ̀lé ìdájọ́ kóòtù

Akọ̀wé kóòtù ni mí ní Kàbà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ará wa, bí kóòtù bá ní kí wọ́n dá yín padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọn ò ṣe é, ẹ má káwọ́ gbera. Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀, kí báílìfù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń fi ìwé jíṣẹ́, fi lé ọ̀gá náà gan-an lọ́wọ́, pẹ̀lú Fọ́ọ̀mù 48 tó ń kìlọ̀ ẹ̀wọ̀n fún un. Kì í ṣe mẹ́sẹ́ńjà rẹ̀ ni kó fi lé lọ́wọ́ o! Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń bà jẹ́. Bó bá ṣì ṣorí kunkun, Fọ́ọ̀mù 49 ló kàn: kó wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní jù ú sẹ́wọ̀n.

Bó bá jẹ́ owó ni kóòtù ní kí wọ́n san fún yín, ìyẹn yàtọ̀. Bí owó náà bá wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, abala 84 nínú òfin Sheriffs and Civil Process, òfin tó wà fún mímú ìdájọ́ ṣẹ, ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba (Attorney-General) kẹ́ ẹ tó lè ní kí kóòtù gbà á fún yín. Ẹ tètè kọ lẹ́tà láti tọrọ ìyọ̀ǹda yẹn.